Sólà Ilé Nígbà Tí NEPA Bá Mú Iná: Bí Bátìrì Yóò Ṣe Bá Yín Mọ́jú

Àwa tí a ń gbé Kàdúná kò lè tètè gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 2024. Wáyà ńlá tó ń gbé iná láti ibùdó iná Shiroro wá sọ́dọ̀ wa ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn abanǹkanjẹ́. Èyí tó ń ti Ugwuaji ní Enugu gba ọ̀nà Makurdi wá náà tún dákú lé e lórí, ni òkùnkùn bá bo Òkè Ọya: Kánò, Jos, Bauchi, Gombe, àti àwa níbí. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí iná tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Mo ti ní sólà lórí òrùlé nígbà náà. Páńẹ́lì 4, bátìrì 2, ínfátà kan tó ń dán bí awo tuntun. Alẹ́ ọjọ́ kìíní, mo ń wo aládùúgbò mi bó ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì jáde láti wá epo jẹnẹrétọ̀, mo rọra ń rẹ́rìn-ín sínú. A tan tẹlifíṣàn, fáànù mẹ́ta ń fẹ́, fíríìjì ń ṣiṣẹ́, ọmọ mi lọ aṣọ ilé ìwé. Nígbà tó di aago 2 òru, ínfátà ké pìì, ó tún ké, ó dákẹ́. Fáànù yí díẹ̀, ó dúró. Ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí mi létí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ń dún ní ilé kejì, ẹ̀rín sì ti kúrò lẹ́nu mi.

Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ iná òru tán kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń ná iná sólà bí ẹni ń ná owó oṣù. Òun ni mo kọ síbí, fún ẹni tó ti ní tirẹ̀ àti ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ láti rà.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tí ẹ ní

Bí páńẹ́lì yín bá so mọ́ iná ọba tààrà láìsí bátìrì, ọjọ́ tí NEPA bá mú iná ni tiyín náà á kú, oòrùn ìbáà máa ràn kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó páànù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí iná tó ń ti òrùlé yín bọ̀ má baà lọ pa ẹni tó gun òpó láti tún wáyà ṣe. Ínfátà mìíràn wà tó lè lo oòrùn ọ̀sán láìsí bátìrì, ṣùgbọ́n bí ìkùukùu kan bá kọjá, ilé á ṣú, á tún tàn, á tún ṣú. Fíríìjì kì í fẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń ra sólà tìtorí àìsí iná, bátìrì ni kó fi owó rẹ̀ ṣáájú. Mo ti rí ilé tí páńẹ́lì 10 wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń tan àbẹ́là lálẹ́.

Ẹ wọn omi inú dúrọ́ọ̀mù

Ní àdúgbò wa ní Sabon Tasha, ọ̀pọ̀ ilé ló ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa, alomi tó ń ti kúrà, kẹ̀kẹ́ omi, kiri. Ẹni tó ra kẹ́ẹ̀gì 10 mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì 10 lòun ní. Kò ní fi 7 fọ mọ́tò láàárọ̀ kó wá máa wo ojú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Bátìrì ni dúrọ́ọ̀mù, oòrùn ni mai ruwa, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń wá lójúmọ́.

Ìwọ̀n tí a fi ń wọn iná kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ń lo mítà. Yúníìtì ni. Yúníìtì tí ẹ ń rà sínú mítà náà la ó kà nínú bátìrì. Ohun tó ń jẹ 1,000 wáàtì, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1, ó ti jẹ yúníìtì 1. Èyí tó ń jẹ 100 wáàtì á ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 kó tó jẹ yúníìtì 1.

Ẹ wo ara bátìrì yín. Ẹ ó rí fólíìtì, ẹ ó sì rí Ah (ámpù lọ́nà wákàtí). Ẹ fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì. Tèmi jẹ́ bátìrì olómi méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 12 fólíìtì àti 220 Ah. 12 lọ́nà 220 jẹ́ 2,640. Ọ̀nà méjì rẹ̀ jẹ́ 5,280, ìyẹn yúníìtì 5 lé díẹ̀. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀.

Ohun tí oníṣẹ́ tó bá mi gbé e sí kò sọ fún mi ni pé a kì í mu bátìrì olómi dé ìsàlẹ̀. Ìlàjì ni ká mu, ká fi ìlàjì sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbẹ ẹ́ kanlẹ̀ lálaalẹ́ á rí i pé bátìrì tó yẹ kó lo ọdún mélòó kan ti ń rẹ̀ kí ọdún méjì tó pé. Ìyẹn ni pé yúníìtì 5.2 mi ti di 2.6. Ínfátà náà á tún gba owó ibodè tirẹ̀ bó ṣe ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí fáànù ń lò, ẹ kà á sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun tó kù fún mi láti ná lóru, yúníìtì 2.4 péré ni.

Bátìrì líthíọ̀mù dára jù ní ọ̀nà yìí. Èyí tó jẹ́ 25.6 fólíìtì, 200 Ah, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi dọ́gba lórí ìwé, ẹ lè mu ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìsí wàhálà. Bí ínfátà bá gba tirẹ̀ tán, ó kù bí 3.7. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti olómi lọ nígbà ìrà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pín owó náà sí yúníìtì tó ṣe é lò gan-an, àti iye ọdún tó máa lò, á rí i pé kò wọ́n tó bó ṣe dà lójú.

Ta ló ń mu ún?

Ẹ gba ìwé àti bírò. Ìṣirò alẹ́ ilé wa nìyí, láti aago 7 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, wáàtì lọ́nà wákàtí (1,000 rẹ̀ ni yúníìtì 1):

Fáànù 2, 60 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 10: 1,200.
Tẹlifíṣàn àti dikódà, 75 wáàtì, wákàtí 3: 225.
Gílóòbù 5 nínú ilé, 9 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 4: 180.
Gílóòbù ìta, 5 wáàtì, wákàtí 12: 60.
Fóònù 4: 60.
Ínfátà fúnra rẹ̀, 40 wáàtì, wákàtí 12: 480.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,205. Yúníìtì 2.2 nínú 2.4 tí mo ní! Fíríìjì kò tíì dá sí i o.

Ẹ tún wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ínfátà ń jẹ iná nítorí pé ó jí sílẹ̀, kódà bí gbogbo ilé bá sùn. Lóru ọjọ́ kan, ohun tó jẹ ju tẹlifíṣàn lọ ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá ra ínfátà ńlá 5kVA tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún fáànù méjì, ẹ ti gba àlejò tó ń jẹun gan-an sínú ilé.

Láti mọ tiyín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ nìkan. Ojú ínfátà ń kọ iye wáàtì tí ilé ń jẹ lọ́wọ́. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ wá máa tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà tó bá fò sókè sílẹ̀. Ní alẹ́ kan báyìí, aago 11, gbogbo ilé ti sùn, fáànù méjì nìkan ló ń fẹ́. Ojú ínfátà sọ pé 165. Fáànù méjì jẹ́ 120, ta ló ni 45 tó kù? Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo ń ka sọ́kẹ́ẹ̀tì bí olóògùn tó ń wá àjẹ́: gílóòbù ìta, dikódà tí wọ́n pa tẹlifíṣàn ṣùgbọ́n tí òun kò kú, sípíkà tó ń ṣẹ́ iná pupa, ṣájà kọ̀ǹpútà tí kọ̀ǹpútà kò sí lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe ń yọ wọ́n ni nọ́ńbà náà ń rọ̀ wálẹ̀.

Ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan gbóná, ọ̀tá bátìrì ni. Kẹ́tù tó ń se omi jẹ́ bí 2,000 wáàtì; bó bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ó ti jẹ 500, ìyẹn iná tí fáànù méjì ìbá fi fẹ́ fún wákàtí 4. Áyọ́ọ̀nù náà ń jẹ 1,000 lọ sókè. Ẹ se omi lórí gáàsì. Fáànù ní tirẹ̀, bí owó bá wà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí kí ẹ tó ronú bátìrì kẹta: fáànù DC (èyí tó ń lo irú iná bátìrì) tó ń jẹ 25 tàbí 30 wáàtì ń fẹ́ dáadáa. Bí mo bá pààrọ̀ méjèèjì, 1,200 yẹn á di 600 tàbí kó dín. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin tí ògiri Kàdúná ń mí bí ààrò, kò sí ẹni tó máa ní kí a pa fáànù, ẹ jẹ́ ká kúkú mú kí ó jẹ díẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ tún ṣe lójú ínfátà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí pé ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá sábà máa ń rúni lójú, oníṣẹ́ sì ti lọ. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ kúrò nílé yín láìfi hàn yín bí a ṣe ń yí àwọn nǹkan wọ̀nyí padà, kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò ọwọ́ rẹ̀.

Èkíní ni ẹni tó máa ṣáájú. Lórí ọ̀pọ̀ ínfátà tó wà lọ́jà wa, ẹ ó rí SBU àti UTI. S ni sólà, B ni bátìrì, U ni iná ọba. Ní SBU, ilé á kọ́kọ́ lo oòrùn, á wá lo bátìrì, kó tó kan iná ọba. Ní UTI, bí iná ọba bá wà, òun ni ilé ń lò, bátìrì á máa dúró dè é.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná tó pọ̀ jù fún) láti ₦68 lọ sí ₦225. Láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti sáré lọ sí SBU, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iná ọba wà láti aago 6 ìrọ̀lẹ́, ilé kò fọwọ́ kàn án, bátìrì ló ń jẹ. Nígbà tó fi máa di aago 10, bátìrì ti lọ sí ìlàjì. Aago 11, NEPA mú iná. Ẹ ti fi omi dúrọ́ọ̀mù wẹ̀ nígbà tí omi ẹ̀rọ ń dà.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí: SBU lọ́sàn-án, torí oòrùn ló ń sanwó. Bó bá di aago 6 ìrọ̀lẹ́ tí iná ọba wà, mo yí i sí UTI. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò bá lè rántí lójoojúmọ́, kó wá ibi tí ẹ̀rọ ti ń béèrè ìgbà tó yẹ kó padà sórí iná ọba, kó gbé e sókè. Fún bátìrì olómi 2 tó jẹ́ 24 fólíìtì, 24.5 dára, fún líthíọ̀mù, ẹ fi sí 60 tàbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Bátìrì á ṣiṣẹ́ díẹ̀ fún yín lálẹ́, èyí tó pọ̀ jù á sì wà nílẹ̀ de òkùnkùn.

Èkejì ni ibi tí ínfátà ti máa gé iná kí bátìrì má baà gbẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú 21 fólíìtì fún bátìrì méjì. Kó tó dé 21, bátìrì olómi ti jìyà. Èmi gbé tèmi sí 23.

Ẹ̀kẹta ni irú bátìrì. Líthíọ̀mù kì í gba ìgbaná olómi. Fólíìtì tó yẹ kí ínfátà fi máa rọ iná sí i wà lára bátìrì fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn gan-an.

Ẹ̀kẹrin, ta ló láṣẹ láti kún bátìrì? Nígbà tí wọ́n gbé tèmi sí, wọ́n fi sí sólà nìkan kí n má baà sanwó iná. Ó dára ní oṣù kejìlá. Nígbà tó di oṣù kẹjọ tí ìkùukùu jókòó lé wa lórí, bátìrì ń lo ọ̀sẹ̀ kan láì kún. Ní àkókò òjò, ẹ jẹ́ kí sólà àti iná ọba jọ máa kún un.

Ọjọ́ tí iná bá lọ tí kò dé

Bí iná bá lọ lálẹ́, ẹ wo bátìrì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Fún olómi, fólíìtì ló ń sọ̀rọ̀: bátìrì 12 fólíìtì tó kún, tó sì ti sinmi díẹ̀, á wà ní bí 12.7; 12.2 jẹ́ ìlàjì. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, nọ́ńbà náà á kéré sí i, ẹ má bẹ̀rù. Líthíọ̀mù kì í sọ òtítọ́ nípa fólíìtì, ó ń dúró lójú kan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdá ọgọ́rùn-ún tó wà lójú bátìrì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa fíríìjì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ìyá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fíríìjì lè jẹ yúníìtì 1 sí 1.5 lójúmọ́, àti pé nígbà tó bá ń gbéra, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n fíríìsà tó kún tí ẹ kò ṣí lè di yìnyín mú ju ọjọ́ kan lọ. Yìnyín gan-an ni bátìrì rẹ̀. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá wà, ẹ fi omi kún àwọn ike, ẹ kì wọ́n sí gbogbo àyè tó ṣófo, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láti aago 9 àárọ̀ títí di 5 ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti di aago 5 yẹn, ẹ pa á, ẹ má ṣí i títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Láti aago 10 sí 3 ni ọjà oòrùn ń kún. Páńẹ́lì 4 tó jẹ́ 400 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan lè fún yín ní bí yúníìtì 6 lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, lẹ́yìn tí ooru àti eruku bá ti gba tiwọn. Àsìkò yẹn ni kí ẹ fa omi sókè táńkì, kí ẹ lọ aṣọ, kí ẹ fọ aṣọ, kí ẹ kún tọ́ọ̀ṣì àti páwà báńkì. Ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì ni, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ojú ínfátà bá sọ pé páńẹ́lì ń mú 1,100 wá, tí áyọ́ọ̀nù sì ń jẹ 1,000, bátìrì kò mọ̀ pé ẹ ń lọ aṣọ. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn tí páńẹ́lì wá di 300, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

Ó bá di aago 3, kò sí ẹrù wúwo mọ́. Ẹ jẹ́ kí bátìrì mu ìyókù. Ohun tí mo ń wá kí oòrùn tó wọ̀ ni kí ínfátà kọ ọ́ pé bátìrì ti kún. Bí kò bá kún, mo mọ̀ láti aago 6 pé fáànù kan ló máa fẹ́ lálẹ́ yẹn, gbogbo wa á sì sùn sí pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹta òkùnkùn ọdún 2024, ìyá kan tó ń ta sóbò tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fa wáyà kan láti ọ̀dọ̀ yín sí fíríìsà mi." Ẹnu kò ṣe é sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, wáyà náà kò sì ṣeé fà. Fíríìsà rẹ̀ á pa ilé méjèèjì sínú òkùnkùn kó tó di ọ̀gànjọ́. Ohun tí mo ní kó ṣe ni kó kó àpò omi wá sínú fíríìsà wa láàárọ̀, kó wá gbé yìnyín ní ìrọ̀lẹ́ sínú kúlà. Àwọn tó ń gbé fóònù wá, mo ní kí wọ́n dé láti aago 11 sí aago 3. Fóònù 12 kò ju 180 lọ lápapọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ̀bùn oòrùn ni. Lóru, ó tó iná fáànù kan fún wákàtí mẹ́ta.

Nígbà tí iná ọba bá padà, ẹ má sáré. Fólíìtì máa ń fò sókè sódò ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, iná a sì tún lè lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó dá fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù padà sórí rẹ̀.

Ọyẹ́, òjò, àti igi dóńgóyárò

Ọyẹ́ Kàdúná kì í ṣe eré. Eruku láti aṣálẹ̀ máa ń bo páńẹ́lì bí ẹ̀lùbọ́, kò sì sí òjò tó máa fọ̀ ọ́ fún oṣù mélòó kan. Ní oṣù kìíní ọdún yìí mo gun òrùlé ní aago 6 àbọ̀ àárọ̀. Mo fi ìka kọ orúkọ ọmọ mi sára páńẹ́lì kí n tó fọ̀ ọ́, ó hàn ketekete. Lánàá rẹ̀ ní aago 12 ọ̀sán, gbogbo páńẹ́lì ń mú nǹkan bí 850 wá. Lọ́jọ́ tí mo fọ̀ ọ́, ní wákàtí kan náà, ó lé ní 1,100.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí gíláàsì tó gbóná, torí omi tútù lórí gíláàsì tó ti yan lè mú un sán. Omi lásán àti fóòmù rírọ̀ tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírun tó ní ọ̀pá gígùn ti tó. Kò sí yanrìn, kò sí ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹ má fẹsẹ̀ tẹ páńẹ́lì. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nínú ọyẹ́ tó. Nígbà òjò, ẹ fi sílẹ̀ fún òjò.

Ọyẹ́ náà ní oore tirẹ̀: òru máa ń tutù, fáànù a dákẹ́, 1,200 yẹn a sì wà nílẹ̀. Oṣù kẹta sí ìkẹrin ló le jù lóru.

Ẹ kọjú páńẹ́lì sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, bí dígírì 10 sí 15, kí omi àti eruku lè yọ̀ kúrò. Ẹ wo òjìji. Igi dóńgóyárò ilé kejì tó na ọwọ́ lé páńẹ́lì kan ṣoṣo lè fa ìyókù tó so mọ́ ọn sẹ́yìn, bí ẹni tó ń tiro láàárín àwọn tó so ẹsẹ̀ pọ̀. Táńkì omi àti díìṣì tẹlifíṣàn náà ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí. Ẹ gòkè lọ wò ó ní aago 9 àárọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́, ọ̀sán gangan ń tàn yín ni.

Bí ó bá di dandan kí jẹnẹrétọ̀ ran sólà lọ́wọ́

Ọjọ́ mẹ́ta tí òjò ń rọ̀ láìdá, tí iná ọba kò sí, kò sí ọgbọ́n tó kù ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹ lò ó láti kún bátìrì ní wákàtí 2 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì lo àǹfààní rẹ̀ láti lọ aṣọ, dípò kí ó máa dún mọ́jú nítorí fáànù méjì. Ẹ fi iye ámpù tí ínfátà máa fi kún bátìrì sí 20 sí 30. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa kérora, bátìrì olómi á sì gbóná. Bí ínfátà bá kọ iná jẹnẹrétọ̀ tí ó ń tàn tí ó ń kú, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ UPS àti APL sí, ẹ yàn APL. Ìyẹn ń fara da fólíìtì tó ń mì.

Ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ibi tí ikú ń gbé

Ẹ má fi wáyà olórí méjì ki iná ínfátà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri láé. Bó bá gba bẹ́ẹ̀ jáde sí òpó, ẹni tó ń tún wáyà ṣe lè kú, ẹ̀rọ yín náà á sì jóná lọ́jọ́ tí iná ọba bá dé. Bréékà tó wà láàárín páńẹ́lì àti ínfátà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti DC. Ti AC (irú iná ọba) tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jà, tó rọjú díẹ̀, kò lè pa iná tó bá ń ta láàárín rẹ̀. Ẹ má fa ìdè páńẹ́lì yọ nígbà tí oòrùn ń ràn láì kọ́kọ́ pa bréékà.

Bátìrì olómi ń mí gáàsì tó lè gbiná nígbà tó bá ń kún. Ẹ má gbé e sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí oòrùn kò bá a, ló yẹ ẹ́, torí ooru ń dín ọjọ́ ayé bátìrì kù, olómi tàbí líthíọ̀mù. Ní oṣooṣù, ẹ wo ìwọ̀n omi inú rẹ̀. Omi bátìrì (distilled water) nìkan ni ẹ ó fi kún un. Kì í ṣe píọ̀ wọ́tà, kì í sì í ṣe ásíìdì. Wáyà tó so bátìrì mọ́ ínfátà ní láti nípọn: 3,000 wáàtì lórí 24 fólíìtì ń fa 125 ámpù. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ìbòjú wáyà náà tí ó gbóná bí ife tíì, oníṣẹ́ ni kí ẹ pè lọ́jọ́ náà.

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ti ìparí rẹ̀ máa ń wá pẹ̀lú àrá níhìn-ín. Kí wọ́n ri ọ̀pá ilẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì fi ohun tó ń gba àrá sí ìhà páńẹ́lì. Bí ojú ọ̀run bá ṣú gan-an, èmi a máa pa bréékà páńẹ́lì àti ti iná ọba, ilé á wà lórí bátìrì títí ìjì á fi kọjá.

Fún ayálégbé

Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lu ihò kan sórí páànù rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ti yín ni. Bí àyè bá wà nínú ọgbà, ẹ gbé páńẹ́lì sórí irin nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ pa bréékà, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo páńẹ́lì kí ẹ tó tú ìdè rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sí wáyà kọ̀ọ̀kan. Ihò tó bá kù lórí páànù, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí onílé á pè yín.